Ọkàn Màlúù Tí A Kò Gbọdọ̀ Là

Ọkàn kẹta tí mo rà náà, wọ́n ti là á kí n tó débẹ̀. Mo dúró níwájú tábìlì alápatà kan ní ọjà Okókomáíkò, mo ń wò ó bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ lórí pákó bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ara mi sì ń gbóná. Mo ti sọ ọ́ lánàá, mo tún un sọ, pé odindi ni mo fẹ́.

"Odindi náà nìyẹn, Tíṣà," ni alápatà wí. "Kò sí ohun tó dín lára ẹ̀. Mo kàn là á, mo fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Tí ẹ bá délé, iná ló kù."

Mo ní, "Bàbá, ta ló ní kí ẹ là á?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè pé ta ló ní kí wọ́n tu ìyẹ́ adìẹ kí wọ́n tó sè é. "Ta ló fẹ́ ní kí n là á? Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkàn nìyẹn."

Mo ní ìbínú, n kò ní purọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀, àwọn aládùúgbò mi náà mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi ọkàn náà sílẹ̀ fún wọn lórí tábìlì, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo sì ti rìn dé Ìyànà Ìbà kí n tó rántí pé ó yẹ kí n wọ ọkọ̀.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Ọ̀jọ́. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, Ìbà Housing Estate ni mo ń gbé. Lásìkò tí mo ń sọ yìí, ó ti di ọdún kẹfà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, yunifásítì sì ti kọ̀wé sí mi pé àfikún àkókò tí wọ́n fún mi yìí ni ìkẹyìn. Tí n kò bá kó iṣẹ́ náà fún wọn kí sáà tó parí, wọ́n máa yọ orúkọ mi kúrò. Ọdún mẹ́fà á wá di ìtàn.

Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé, bí ẹni tó ń gbọ́ bá fẹ́ gbọ́. Iṣan ọkàn kì í ṣe ẹran lásán tó kàn dì pọ̀. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n sùn ti ara wọn, tí wọ́n sì lọ́ yí ọkàn po. Àwọn tó wà lóde dà sí apá kan, àwọn tó wà láàárín yí po bí ìgbànú, àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún tún dà sí apá kejì. Bí wọ́n ṣe tò yìí ló ń jẹ́ kí ọkàn lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde bí èèyàn ṣe ń fún aṣọ tó tutù. Tí ètò náà bá dàrú lára aláìsàn, ọkàn á wú, kò sì ní lè fún nǹkan kan mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni láti rí ètò náà láì fi ọ̀bẹ kàn án, kí n sì yà á sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ya ojú ọ̀nà sínú máàpù.

Ẹ̀rọ òòfà ńlá tí wọ́n ń pè ní MRI, tí wọ́n máa ń ti aláìsàn bọ inú ẹ̀, ló lè ṣe é. Omi tó wà nínú ẹran kì í dúró jẹ́ẹ́. Tí èèyàn bá da omi sórí ìdì ìgbálẹ̀, omi náà á tẹ̀ lé gígùn ọ̀pá ìgbálẹ̀ ju kó gba ìbú ẹ̀ kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú iṣan. A máa ní kí ẹ̀rọ náà wo omi láti apá kan, kó tún wò ó láti apá kejì, ó kéré tán láti apá mẹ́fà, kọ̀ǹpútà á wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀, á sì sọ ibi tí fọ́nrán dojú kọ lójú kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ti ń ṣe é lókè òkun tipẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ohun tí èmi sọ ni pé irú ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, tí agbára ẹ̀ kò tó tiwọn, lè ṣe é bí a bá fún un ní àkókò tó gùn, tí a sì gbọ́n sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i níṣojú mi. Ọ̀gá mi tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n ní kí n lọ gba àwòrán àwọn òyìnbó tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n fi ìyẹn ṣe ìṣirò, kí n gba oyè mi kí n máa lọ. Mo ní rárá. Ṣé àwòrán ẹ̀rọ ńlá ni mo máa fi sọ pé ẹ̀rọ kékeré lè ṣe é? Irọ́ gbáà nìyẹn, n kò sì fẹ́ fi irọ́ gba oyè.

Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan tí kò jìnnà sí Ìyànà Ìbà ló gbà fún mi. Wọ́n ń múra láti tú ẹ̀rọ tiwọn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n wá ní kí n lò ó ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n máa tú u gan-an, láti aago méje sí aago méjìlá. Àwọn tó máa tú u á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní aago méjìlá. Ẹ̀rọ kan, ọjọ́ kan, wákàtí márùn-ún. Ohun tó wá kù ni ọkàn màlúù tí ọ̀bẹ kò là rí, torí tí wọ́n bá ti là á, ògiri ẹ̀ á dẹ̀, fọ́nrán á tú ká, kì í ṣe bó ṣe wà nígbà tó ń lù ni ẹ̀rọ máa rí.

Mo wá a. Mo wá a ní Ọ̀jọ́, mo wá a ní Ìyànà Ìbà, mo wá a dé Ìjànikin. Gbogbo alápatà tí mo bá ló ti là tiẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo padà sọ́dọ̀ bàbá tí mo bínú kúrò lọ́dọ̀ wọn, torí àwọn nìkan ni mo mọ̀ tó ń fọwọ́ ara wọn pa màlúù. Àgbàlagbà Mùsùlùmí ni wọ́n, láti ìlú kan ní ìhà Ọ̀yọ́, iṣẹ́ àjogúnbá ni iṣẹ́ ẹran lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n fún ìwà tí mo hù lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Tíṣà kì í kúnlẹ̀ lọ́jà," ni wọ́n wí. "Kí lẹ fẹ́ fi ọkàn tí wọn ò là ṣe gan-an?"

Mo ní mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ya fọ́tò ẹ̀.

"Fọ́tò ọkàn màlúù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ẹ̀yin ará Èkìtì yìí náà. Ẹ ti kàwé kàwé, ìwé ti tán nílẹ̀, ó wá ku inú màlúù." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wá ní Sátidé, pé àwọn ti gbọ́, àwọn ò ní là á.

N kò sọ èyí tó kù fún wọn. N kò sọ pé mo máa kó ọkàn náà sínú fọ́málìn, oògùn olóòórùn burúkú tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi sẹ́nu. N kò sọ pé tí mo bá ṣe tán, wọ́n máa sun ún dànù. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà tó ń ná eegun lásán, ó ń bẹ Bàbá kí wọ́n bá òun fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀. Ojú tì mí láti sọ níwájú ẹ̀ pé mo fẹ́ lọ fi odindi ọkàn màlúù ṣòfò.

Sátidé yẹn, tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí a lo ẹ̀rọ, Bàbá gbé ọ̀rá dúdú kan fún mi, wọ́n so ó ní ìdè méjì. Mo tú u wò. Ọkàn náà rí roboto, ó wúwo, ọ̀rá ẹran funfun bo ẹ̀yìn ẹ̀. Mo dúpẹ́ dúpẹ́. Ó yẹ kí n yí i wò dáadáa, kí n gbé ọ̀rá ẹ̀yìn yẹn sókè, ṣùgbọ́n inú mi ti dùn jù. Mo gbé e lọ sí yàrá ìwádìí wa ní Ọ̀jọ́, mo rọ omi iyọ̀ sínú ẹ̀, ó jáde ní mímọ́, n kò bi ara mi léèrè ìdí ẹ̀, mo kó o sínú báàkẹ́ẹ̀tì fọ́málìn, mo de é, mo sì kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ní aago méje kọjá díẹ̀, èmi àti ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ẹ̀rọ ti gbé ọkàn náà, nínú ike rẹ̀, sínú ohun tó dà bí akoto tí wọ́n máa fi ń bo orí aláìsàn. Ọ̀gbẹ́ni náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ti tọrọ àyè nítorí tèmi. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà gbà gbà. A jókòó, a ń retí àwòrán àkọ́kọ́.

Ihò dúdú ló jáde. Ó gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́, gbogbo ohun tó yí i ká sì wọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà fà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Irin wà nínú ẹran yìí."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní kí n wá wo ohun tí kò ṣeé ṣe.

A gbé e jáde. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gbé ọ̀rá ẹ̀yìn yẹn sókè, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n ti fi okùn rán ọkàn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tò dọ́gba dọ́gba bí ẹnu àpò ìrẹsì. Mo gé okùn náà. Inú ọkàn mọ́ tónítóní, kò sí ìṣù ẹ̀jẹ̀ kan níbẹ̀, ẹnu abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò sì wà nínú ẹran, ó ti ṣẹ́ síbẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà. N kò sunkún. Mo kàn rí ọdún mẹ́fà tó ń lọ.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní kí a yọ abẹ́rẹ́, kí a lo ọkàn náà bẹ́ẹ̀, pé bó ti wù kó rí, ó sàn ju kí n padà lọ́wọ́ òfo. Mo ní ọkàn tí wọ́n ti là kì í ṣe ohun tí mo kọ sínú ìwé mi. Mo ṣírò ẹ̀. Àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ kan, apá mẹ́fà, ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́jọ kù díẹ̀. Tí mo bá rí ọkàn mìíràn, tí mo sì padà dé kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, ó ṣì ṣeé ṣe. Mo di ọkàn náà sínú ọ̀rá, mo fi abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ náà sínú bébà, mo bọ́ síta, mo dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró.

Ní ojú ọ̀nà Badagry, n kò rí nǹkan kan, n kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ fún bàbá yẹn. Mo tò ó sílẹ̀ lẹ́nu mi, mo sì ń pọ́n ọn.

Bí mo ṣe dé ọjà, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú inú màlúù àárọ̀ yẹn ni. Mo gbé ọkàn náà lé tábìlì, mo ṣí bébà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, kí lèyí?"

Wọ́n wò ó. Wọn ò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. "Abẹ́rẹ́ ni," ni wọ́n wí. "Ó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá a títí, n ò rí i."

"Ẹ ní ẹ ò ní là á."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ là á. Ẹ rán an padà. Ẹ sì wò mí lójú, ẹ gbé e fún mi."

"N ò wò yín lójú," ni wọ́n wí.

Ibẹ̀ ni mo ti bú. Mo sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní ti Èkìtì, mo fi gẹ̀ẹ́sì kún un. Mo ní wọ́n ti ba ọdún mẹ́fà mi jẹ́. Mo ní ṣé ìdí tí n kò fi gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nìyí. Àwọn tó wà nítòsí yíjú, ẹnì kan ní kí n fara balẹ̀, mo ní kí ó lọ fi ara tiẹ̀ balẹ̀. Bàbá dúró títí èémí fi tán nínú mi.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, Tíṣà," ni wọ́n wí. "Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, n ò lè tà á kí èèyàn lọ jẹ ẹ́. Haráámù ni. Bàbá mi ò ta irú ẹ̀ rí. Ẹ ní fọ́tò lẹ fẹ́ yà, mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ya fọ́tò tán ńkọ́? Ẹ máa gbé e délé, ẹ máa sè é, ẹ̀yin àti ará ilé yín á jẹ ẹ̀jẹ̀, èmi sì ni mo tà á. Mo rò ó rò ó. Ni mo bá là á, mo fọ̀ ọ́, mo wá rán an kó lè rí roboto fún fọ́tò yín. Mo ní ẹ ò ní mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ò sì ní sí lọ́rùn èmi àti ẹ̀yin."

Gbogbo ohun tí mo pọ́n lójú ọ̀nà kú sí mi lẹ́nu. Wọ́n rò pé mo fẹ́ jẹ ẹ́. Kí ni wọn ò bá sì rò? Ta ló ń ra ẹran láìjẹ ẹ́?

Mo ní, "Bàbá, n kò fẹ́ jẹ ẹ́. Inú oògùn ni mo kó o sí, májèlé ni. Tí a bá ṣe tán, wọ́n máa sun ún ni."

"Kí wọ́n sun ún dànù?"

"Dànù."

"Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi."

"N kò sọ ọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn."

"Ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Fífọ̀ ni mo fẹ́ fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ẹ̀ máa ń ba àwòrán jẹ́. Mo fẹ́ kó kúrò ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹ là á."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Èmi àti ẹ̀yin ń wá nǹkan kan náà láti ọjọ́ yìí, ẹ sì ń bá mi jà?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọkàn màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú yẹn, kí n fi bó ṣe ṣeé ṣe hàn wọ́n. Wọ́n fà á jáde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ orí ẹ̀ gùn tó ìka mẹ́ta kí wọ́n tó gé e, wọ́n sì gé e bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti gbé ọkàn náà sórí pákó báyìí, ọwọ́ ọ̀tún wọn ti gbé ọ̀bẹ sókè láti là á. Wọ́n dá ọwọ́ náà dúró lókè. Wọ́n na èkù ọ̀bẹ sí mi.

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ yìí ò ní gbọ́ràn."

Mo gba ọ̀bẹ. Mo bèèrè omi, iyọ̀ àti bútà. Wọ́n gbé bútà oníke kan wá, wọ́n ní èyí tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá kọ́ o, ti ọjà ni. Mo po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ omi, mo ki ẹnu bútà bọ òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù, mo ń rọ omi náà wọlé, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọkàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dúdú tú jáde láti ẹnu òpó kejì, ó ń bá ìṣù ìṣù bọ̀. Nígbà tó yá, ó pọ́n díẹ̀. Bàbá ń wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kúrò níbẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ wọn mọ ibi tí ìṣù ẹ̀jẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí ju èmi lọ. Kò pẹ́ tí omi tó ń jáde fi mọ́ gaara.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi," ni wọ́n wí, wọ́n ṣì ń rọ omi. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ dé ibí, ẹ ò bá kàn ti sọ fún mi."

Ojú tì mí, ó tì mí gidi. Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láìmọye ìgbà, mo ti fi àwòrán àti ìṣirò ṣàlàyé fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́. N kò fún ọkùnrin tí gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti pinnu fúnra mi pé kò ní yé wọn.

Mo di ọkàn olóògùn ti àkọ́kọ́ padà sínú ọ̀rá. Kí n tó lọ, wọ́n bèèrè ohun tí mo máa fi tuntun yìí ṣe tí mo bá ṣe tán. Mo ní oògùn kan wà nílé àyẹ̀wò tí mo pò bí ẹ̀kọ, mo máa rọ ọ́ sínú ẹ̀ kó lè dúró roboto, nítorí náà kò ṣeé jẹ mọ́.

"Ẹ má sun ún," ni wọ́n wí. "Ẹ má jù ú sórí ààtàn kí ajá máa wọ́ ọ kiri. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi pa ẹran yìí. Tí èèyàn ò bá ní jẹ ẹ́, kí ilẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹ sin ín."

Mo ní mo máa sin ín. Wọ́n ní kí n búra. Mo ní èmi kì í búra, ṣùgbọ́n mo máa sin ín.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo padà dé. Mo rọ oògùn náà sínú ọkàn, ó dì, a gbé e wọlé, àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ sì jáde láìsí ihò kankan nínú ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà mí kanlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ apá àkọ́kọ́. Apá kejì. Apá kẹta. Ìyàwó ọ̀gbẹ́ni náà pè é láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó dá a lóhùn pé ó ku díẹ̀, èmi náà mọ̀ pé kò ku díẹ̀ rárá.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni àwọn tó fẹ́ tú ẹ̀rọ dé, àwọn mẹ́rin pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Olórí wọn ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà jìn." Apá karùn-ún ló ṣì ń lọ lọ́wọ́. Mo fa àga, mo gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ gan-an, mo jókòó sórí ẹ̀. Mo ní aago méjìlá ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún mi, àti pé ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó gbé èmi àti àga kúrò níbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn lọ ra búrẹ́dì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí aago méjìlá lù tí apá kẹfà fi parí.

Mo pe ọ̀gá mi láti ẹnu ọ̀nà. Inú wọ́n dùn. Wọ́n ní, "Kó o sínú fọ́málìn báyìí báyìí. Àwọn tó máa yẹ̀ ọ́ wò máa fẹ́ rí i. Tí kò bá sí ọkàn nílẹ̀, ẹnì kan lè sọ pé o lọ gba àwòrán yẹn níbòmíràn ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà á bèèrè ẹ̀ bó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń yẹ ẹlòmíràn wò.

Mo gbé ọkàn náà dé Ọ̀jọ́. Mo ṣí báàkẹ́ẹ̀tì fọ́málìn, mo dúró tì í. Bàbá kò ní mọ̀. Títí ayé, kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀. Bí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú mi ni mo gbọ́ pé ohun tí àwọn náà sọ nígbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àpò rán ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo dé báàkẹ́ẹ̀tì náà padà. Mo gbé ọkàn náà wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbà, mo yá ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń ṣọ́ géètì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù wa. Aládùúgbò mi kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Kí lẹ ń gbìn?" Mo ní ọkàn màlúù. Ó rọra ti fèrèsé ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀gá mi fi bínú sí mi. Mo gba oyè náà ṣá. Ẹni tó wá yẹ̀ mí wò láti ìta bèèrè ọkàn náà lóòótọ́, mo sọ ibi tó wà àti ìdí tó fi wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kọ̀ǹpútà mi parí ìṣirò. Àwòrán náà kò dán bíi ti òkè òkun. Ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ọkàn ṣókùnkùn. Àmọ́ fọ́nrán òde dà sí apá kan, ti àárín yí po, ti inú dà sí apá kejì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ló sì rí i. Mo fọwọ́ lu tábìlì mi títí ó fi ń dùn mí. Ní Sátidé, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá aláwọ̀ mèremère, mo gbé e lọ sí Okókomáíkò.

Ọjà ń tà, èèyàn mẹ́rin ló wà níwájú tábìlì. Mo na bébà náà sí Bàbá. Wọn ò gbà á. Wọn ò tilẹ̀ wò ó.

"Ẹ sin ín?"

"Mo sin ín. Ẹ̀yìn ilé mi, ó jìn dé orúnkún."

Wọ́n nu ọwọ́ méjèèjì sí aṣọ iwájú wọn, wọ́n gba bébà náà, wọ́n gbé e síbi tí oòrùn wà. Wọ́n pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ìka wọn ń tẹ̀ lé ìlà òde, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀.

"Ibí yìí," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n sì fi í gé afẹ́fẹ́ bí ẹni mú ọ̀bẹ dání. Bó ti dé àárín, wọ́n yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀. "Ibí yìí ni ọ̀bẹ ti máa ń kọ̀ fún mi. Láti kékeré. Bàbá mi ní kí n máa yí ọwọ́ báyìí tí mo bá débẹ̀, wọn ò sọ ìdí ẹ̀. Àṣé ó ń yí po níbẹ̀ ni."

Kò sí ìwé kan tí mo kà ní ọdún mẹ́fà tó sọ ìyẹn fún mi. Mo fa àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì, mo jókòó, mo mú bírò jáde nínú báàgì mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, Bàbá," ni mo wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù, wọ́n sì tún ọwọ́ gbé sókè.